Irin kan kì í dún ní ohùn kan: ìdáhùn fún atẹ-kíbọ́ọ̀dù tó kọ̀wé láti Ìsánlú

Òkun o, àbúrò mi.

Kí àwọn tó kù lè bá wa lọ, ìbéèrè rẹ nìyí. O ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Ìsánlú, o sì ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí kò lágbára púpọ̀. O fẹ́ fi í dá ohùn irin tí wọ́n ń lù láti pe àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn olùjọsìn, kí o sì dá ohùn gángan tó máa bá a rìn. O kó oscillator mẹ́jọ jọ, ìyẹn ohun tó ń bí ìró nínú ẹ̀rọ, o da reverb lé wọn lórí, ìyẹn gbohùngbohùn bíi ti inú gbọ̀ngàn, síbẹ̀ ohun tó jáde “dàbí ìró fóònù tí ẹnì kan ń pè.” O wá ń béèrè bóyá kí o lọ ra kíbọ́ọ̀dù tuntun, tàbí ọ̀nà wo nínú ọ̀nà ìdá-ohùn ló yẹ kí o kọ́.

Má ra nǹkan kan. Ohùn rẹ pọ̀ tó. Ohun tó ń ṣe é ni pé ó dúró sójú kan. Oscillator mẹ́jọ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn kan ṣoṣo ni etí máa gbọ́ níbẹ̀. Bí o bá sọ ọ́ di ọgọ́rin, bákan náà ni. Inú àkókò ni àwọ̀ ohùn tó jinlẹ̀ ń gbé: nínú bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ohùn náà ṣe ń dé, bó ṣe ń yí padà, àti bó ṣe ń lọ nígbà tirẹ̀.

Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ nílẹ̀ Yàgbà, irin gbọọrọ kan ni wọ́n so mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò. Nígbà tó kàn mí láti máa lù ú, mo ṣàkíyèsí ohun kan tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Bí òòlù bá ti kàn án, ariwo líle kan á gún etí, á sì kọjá lọ lójijì. Lábẹ́ rẹ̀, ìró kan tó mọ́ kedere á ṣẹ́kù. Bí ìyẹn náà bá ń rẹlẹ̀, ìkùn kan tó wà nísàlẹ̀ pátápátá á dúró pẹ́, débi pé bí mo bá fọwọ́ kan irin náà, ọwọ́ mi á mọ̀ pé ó ṣì ń gbọ̀n nígbà tí etí mi ti gbà pé ó ti dákẹ́. Àwọn tó wà lọ́nà oko kì í sábà gbọ́ ariwo líle àkọ́kọ́ yẹn, torí pé afẹ́fẹ́ máa ń gbé ìró tó ga mì ju èyí tó rẹlẹ̀ lọ. Irin kan, ìlù ẹ̀ẹ̀kan, ohùn mẹ́ta. Ohun tí kọ̀ǹpútà rẹ gbọ́dọ̀ ṣe nìyẹn.

Joseph Fourier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló fi hàn nínú ìwé kan tó kọ nípa ooru lọ́dún 1822 pé a lè tú ìgbì tó díjú palẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ìgbì kéékèèké tó rọrùn, èyí tí à ń pè ní sine. Hermann von Helmholtz ní Jámánì wá lò ó fún ọ̀rọ̀ ohùn àti etí nínú ìwé tirẹ̀ lọ́dún 1863. Ọmọ ìró ni màá máa pe àwọn ìgbì kéékèèké yẹn níbí. Nínú okùn gìtá tàbí nínú fèrè, àwọn ọmọ ìró tò bí àkàbà. Bí èyí tó rẹlẹ̀ jù bá jẹ́ 220 Hz, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà 220 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èkejì á jẹ́ 440, ẹ̀kẹta 660, ẹ̀kẹrin 880. Etí máa ń so irú wọn pọ̀ di ohùn kan.

Irin kì í tò bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá irin tó rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí orí rẹ̀ méjèèjì kò kan nǹkan kan, àwọn ọmọ ìró rẹ̀ máa ń wà ní ìlọ́po 1, 2.76, 5.40 àti 8.93. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 220, àwọn tó kù á wà ní nǹkan bí 606, 1189 àti 1965. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bọ́ sórí àkàbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ìdí nìyẹn tí irin fi ń dún bí irin, tí okùn sì ń dún bí okùn.

Ṣe èyí lónìí. Lo oscillator mẹ́rin péré, kí gbogbo wọn jẹ́ sine, kí o fi wọ́n sí nọ́mbà mẹ́rin yẹn. Lẹ́yìn náà, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní envelope tirẹ̀, ìyẹn ibi tí o ti ń sọ fún ẹ̀rọ bí ìró ṣe máa dìde àti bó ṣe máa kú. Jẹ́ kí 220 gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà kó tó kú tán, kí 606 gba mẹ́ta, kí 1189 gba ẹyọ kan, kí 1965 má ju ìdajì lọ. Kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ wàrà, kí ìkankan má yọ́ wọlé. Pa reverb. Mẹ́rin yìí á jọ irin ju mẹ́jọ tí o kó jọ lọ, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọjọ́ ikú tirẹ̀.

Àmọ́ irin tiyín lè máà jẹ́ ọ̀pá. Bó bá jẹ́ rọ́ọ̀mù táyà lọ́rì ni wọ́n so rọ̀, nọ́mbà rẹ̀ á yàtọ̀. Bó bá sì jẹ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì gidi, ó tún yàtọ̀ síyẹn: àwọn alágbẹ̀dẹ agogo ní Yúróòpù máa ń gbẹ́ inú rẹ̀ títí àwọn ọmọ ìró pàtàkì inú rẹ̀ á fi tò sí 0.5, 1, 1.2, 1.5 àti 2. Nọ́mbà 1.2 yẹn ló ń fún agogo ńlá ní ìró arò díẹ̀ tó máa ń wà lára rẹ̀, kódà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Nítorí náà, má fi nọ́mbà tèmi dá irin tiyín. Lọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Fóònù tó bẹ́ẹ̀. Lọ ní ìdájí, kí ọ̀kadà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, gbé fóònù sí ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí i, kí o lù ú lẹ́ẹ̀kan, kí o sì jẹ́ kó kú tán pátápátá kí o tó tún un lù. Lù ú jẹ́jẹ́, lù ú gbọnmọgbọnmọ, lù ú létí, lù ú láàárín.

Gbé e sínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà kan fún iṣẹ́ ohùn, ọ̀fẹ́ ni. Fi máọ̀sì yan ìbẹ̀rẹ̀ ìró náà, lọ sí Analyze, kí o tẹ Plot Spectrum. Àwọn ṣóńṣó tí o bá rí ni àwọn ọmọ ìró. Kọ nọ́mbà wọn sílẹ̀. Wá yan ibi tó ti tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì lẹ́yìn tí òòlù kàn án, tún ṣe bákan náà. Èyí tó wà nínú àkọ́kọ́ tí kò sí nínú èkejì, o ti mọ̀ pé ó kú kí ìṣẹ́jú-àáyá méjì tó pé. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, kò sì sí ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó lè fún ọ ní ohun tó máa fún ọ.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbójú fò. Bí irin bá ń kú lọ, ó máa ń mì, bí ẹni pé ó ń mí. Jean-Claude Risset, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1960, níbi tí Max Mathews ti mú kọ̀ǹpútà kọrin lọ́dún 1957, dá ohùn agogo kan tí wọ́n ṣì ń kọ́ ènìyàn títí di báyìí. Ọmọ ìró mọ́kànlá ló lò. Èyí tó rẹlẹ̀ jù, ó fi ìbejì sí i, ìkejì fi Hz 1 péré ju àkọ́kọ́ lọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí tó tẹ̀ lé e, ó fi Hz 1.7 sáàárín wọn. Bí méjì bá sún mọ́ra báyẹn, wọn á máa pàdé, wọn á máa pínyà, etí á sì gbọ́ ọ bí ìgbì tó ń lọ tó ń bọ̀. Fún 220 rẹ ní ìbejì kan ní 221, kí o gbọ́ ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ yìí, ọ̀nà àkójọ ni: kí á to ohùn jọ lọ́mọ kọ̀ọ̀kan. Dùùrù Hammond tó jáde lọ́dún 1935 ti ń ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbá irin kéékèèké tó ń yí, àmọ́ àkàbà nìkan ló mọ̀, kò lè dá irin. Ọ̀nà náà dára, èmi gan-an fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, kọ̀ǹpútà tí kò lágbára á sì mí gulegule bí o bá tẹ nóòtì mẹ́fà pa pọ̀. Fún ìwọ tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lójú ìjọ, FM (frequency modulation) ni màá ní kí o kọ́, ìyẹn kí oscillator kan máa mi òmíràn.

Lọ́dún 1967, John Chowning, olórin kan ní Yunifásítì Stanford, ń ṣàyẹ̀wò vibrato, ìyẹn bí akọrin ṣe ń mi ohùn rẹ̀ sókè sódò bí ìgbà mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Ó ń mú mímì náà yára sí i, títí ó fi débi pé kò gbọ́ mímì mọ́. Àwọ̀ ohùn tuntun ló ń gbọ́. Ó tẹ ìwé nípa rẹ̀ jáde lọ́dún 1973, Stanford fún Yamaha, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò orin, láṣẹ láti lò ó, nígbà tó sì di 1983, DX7, kíbọ́ọ̀dù Yamaha tó ń lo FM, jáde. Ohùn dùùrù tó ń tàn bí dígí, tí o máa ń yàn lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ fún orin ìjọsìn jẹ́jẹ́, ibẹ̀ ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Fojú inú wo oscillator méjì, pe ọ̀kan ní akọrin, pe èkejì ní onílù. Akọrin nìkan ni à ń gbọ́. Onílù kò dún síta. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa mi akọrin. Kí akọrin wà ní 200, kí onílù wà ní 280. Àwọn ọmọ ìró tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní òkè: 480, 760, 1040, bí o ṣe ń fi 280 kún un. Ní ìsàlẹ̀, bí o bá yọ 280 kúrò nínú 200, wàá bọ́ sábẹ́ òdo. Etí máa gbọ́ irú ìyẹn bí ẹni pé òkè òdo ló wà, ìyẹn 80, lẹ́yìn rẹ̀ 360, 640, 920. Nínú oscillator méjì péré, o ti rí 80, 200, 360, 480, 640, 760, 920, 1040, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀. Iye tó máa lágbára nínú wọn wà lọ́wọ́ bí onílù ṣe ń lu tó. Bí ó bá dákẹ́, akọrin nìkan ló kù, ìró fóònù rẹ ọjọ́sí. Bí ó bá ń lu gan-an, òkè á kún fún ọmọ. Kódà, bí agbára rẹ̀ bá dé nǹkan bí 2.4 lórí ìwọ̀n tí wọ́n ń lò, akọrin fúnra rẹ̀ á pòórá, àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ni wàá máa gbọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí o dúró sí nìyí. Nínú ìwé 1973 yẹn, Chowning fún wa ní agogo kan: 200 àti 280, agbára onílù bẹ̀rẹ̀ láti 10, ó ń rọlẹ̀ lọ sí òdo bí ohùn náà ṣe ń kú lọ, ìṣẹ́jú-àáyá 15. Ó tún fún wa ní ìlù kan: 200 àti 280 kan náà, agbára onílù 2, ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Nọ́mbà kan náà ló bí agogo, òun náà ló bí ìlù. Bí agbára ṣe ń rìn nínú àkókò nìkan ló yàtọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é, mo dìde kúrò lórí àga.

Gba Dexed wá, ọ̀fẹ́ ni òun náà. DX7 inú kọ̀ǹpútà ni, operator mẹ́fà ló ní, ìyẹn oscillator tó lè jẹ́ akọrin tàbí onílù, àti ọ̀nà 32 láti so wọ́n pọ̀. Yan ọ̀nà karùn-ún: ó ní akọrin mẹ́ta, olúkúlùkù pẹ̀lú onílù tirẹ̀. Fún tọkọtaya àkọ́kọ́ ní ìpín 1.00 àti 1.40. Fún èkejì ní 1.00 àti 3.50, àmọ́ kí ó kú kíákíá. Òun ni òòlù tó kan irin. Fún ẹ̀kẹta ní nọ́mbà àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́, kí o sì fi Detune yí i díẹ̀, kó lè máa mì bíi ti Risset. Jẹ́ kí envelope onílù kú ṣáájú ti akọrin: ariwo á lọ, ìkùn á dúró. Nínú Dexed, R ni bí envelope ṣe ń yára tó: nọ́mbà R tó kéré ni ó lọ́ra, èyí tó pọ̀ ló yára. Má gbàgbé R4, òun ló ń pinnu ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí o bá gbé ìka kúrò, irin kì í sì í dákẹ́ nítorí pé ẹni tó lù ú ti lọ. Lẹ́yìn náà, mú kí onílù máa gbọ́ bí o ṣe ń tẹ bọ́tìnnì tó, kì í ṣe akọrin nìkan. Bí a bá lu irin gidi líle, kì í pariwo lásán; ó máa ń tàn sí i. Risset rí irú ohun kan náà nínú kàkàkí àwọn òyìnbó nígbà tó tú u palẹ̀: bó ṣe ń pariwo sí i ni àwọn ọmọ ìró òkè ń pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ tó gbé ohùn sókè láìjẹ́ kí ó tàn, etí ti mọ̀ pé irọ́ ni.

Ṣọ́ra fún àwọn nóòtì òkè. Kọ̀ǹpútà tó ń ka ohùn nígbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kò lè gbé ohun tó ju 22,050 Hz lọ. Bí FM bá bí ọmọ tó kọjá ibẹ̀, ó máa ṣẹ́rí padà wá sísàlẹ̀ bí súfèé tí kò bá ohunkóhun mu. Dín agbára onílù kù bí o ṣe ń gòkè lórí kíbọ́ọ̀dù.

Ọ̀nà yíyọ, tí Robert Moog sọ di ohun gbogbo ayé láti 1964, mo mọ̀ pé òun lo kọ́kọ́ kọ́, torí òun ló wà nínú gbogbo fídíò. A máa mú ìgbì tó kún fọ́fọ́, a ó sì fi fílítà gé èyí tí a kò fẹ́. Ó dára fún baasi àti okùn. Kò lè fún ọ ní irin, nítorí pé orí àkàbà ni gbogbo ohun tó ní láti gé wà.

Gángan wá ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ nọ́mbà ní àkọ́kọ́. Awọ ìlù tó tẹ́ rọ́ńdọ́ ní ọmọ ìró ní 1, 1.59, 2.14 àti 2.30, o lè fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, tàbí kí o lo ìlù Chowning. Fi ariwo fúú kékeré kan sí iwájú, tí kò ju ìdá mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ, fún ọ̀pá ìlù. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ gángan di gángan ni ọṣán tí abẹ́ apá ń fún. Bí o bá tẹ nóòtì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, ìlù náà á ka ọ̀rọ̀, kò ní sọ ọ́. Ohùn gbọ́dọ̀ yọ̀ láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Lo pitch bend, ìyẹn ohun tó ń fa ìró sókè sódò lórí kíbọ́ọ̀dù, fi ọwọ́ òsì ṣe apá onílù, ọwọ́ ọ̀tún ọ̀pá. Gba gbólóhùn kan tí gbogbo ìjọ mọ̀, kí o tẹ̀ ẹ́ láìkọ orin rẹ̀. Bí ìyá arúgbó tó jókòó níwájú bá dá ọ lóhùn, o ti mọ̀ ọ́n. Bí kò bá dá ọ lóhùn, má fọwọ́ kan fílítà. Ọwọ́ òsì rẹ ni kí o tún kọ́.

Bí o bá fẹ́ ṣeré síwájú sí i, Kevin Karplus àti Alex Strong tẹ ọ̀nà kan jáde lọ́dún 1983 tó yà mí lẹ́nu títí di òní. Mú ariwo fúú kékeré, nọ́mbà 200 lásán, kí o máa yí i po nínú kọ̀ǹpútà, kí o sì máa fi ìpíndọ́gba nọ́mbà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn rọ́pò ọ̀kan. Ní 44,100, yóò dún bí okùn tí wọ́n fi ìka ta, ní nǹkan bí 220 Hz. Bí o bá wá ń sọ ìdajì nọ́mbà wọ̀nyẹn di òdì láìlétò, okùn náà á di ìlù.

Ẹnì kan á sọ fún ọ pé kí o kàn gbé ohùn irin tí o gbà sílẹ̀ sórí kíbọ́ọ̀dù, kí wàhálà tán. Tọ́jú ohùn náà, jọ̀wọ́. Àwọn irin yìí ń sọnù, àwọn tó ń ra irin àlòkù ń kó wọn lọ. Ṣùgbọ́n ohùn tí a gbà sílẹ̀ máa ń wí ọ̀rọ̀ kan náà ní ohùn kan náà nígbàkígbà tí o bá tẹ̀ ẹ́. Àárín méjèèjì ló dùn jù: kíbọ́ọ̀dù Roland D-50 ọdún 1987 máa ń fi ìbẹ̀rẹ̀ ohùn gidi ṣíwájú, á sì fi ohùn tí ẹ̀rọ dá tẹ̀ lé e. Gé ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́ nínú irin tiyín, kí o jẹ́ kí Dexed gbé ìyókù.

Èyí tó kẹ́yìn, mo ti fi ojú ara mi rí i. Mo dá agogo kan fún ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ́nà Kàbà, gbogbo adùn rẹ̀ wà nínú ìkùn 80 Hz. Nínú hẹ́dífóònù mi, ó jinlẹ̀ bí kànga. Hónù ni wọ́n so mọ́ òpó nínú gbọ̀ngàn náà, hónù kì í sì í gbé 80. Ohun tí ìjọ gbọ́ ni ariwo òòlù nìkan. Gbé kọ̀ǹpútà rẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní àárín ọ̀sẹ̀, bí iná bá wà, kí o tún ohùn náà ṣe lójú ẹ̀rọ tó máa gbé e. Bí ó bá jẹ́ hónù, gbé gbogbo irin náà sókè, kí ìkùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 400 ó kéré tán.

Bí o bá ti gba ohùn irin Ìsánlú sílẹ̀, kọ nọ́mbà márùn-ún àkọ́kọ́ tí o rí nínú Plot Spectrum ránṣẹ́ sí mi, ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìṣẹ́jú-àáyá kejì, ká jọ wò wọ́n.